Ta ni Ọmọdé Ń Wò Nígbà Tí Ó Bá Ṣubú? Ìyapa Ọmọ àti Olùtọ́jú nínú Fíìmù Farming àti The Last Tree

Àṣamọ̀

Láti nǹkan bí ọdún 1950 títí di òpin ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀pọ̀ òbí láti Nàìjíríà gbé ọmọ wọn fún ìdílé aláwọ̀ funfun tọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ yìí ṣe àtúpalẹ̀ fíìmù méjì tí ó ti inú ìrírí náà jáde: Farming ti Adewale Akinnuoye-Agbaje àti The Last Tree ti Shola Amoo. A fi ohun tí àwọn fíìmù náà sọ wé ohun tí àwọn onímọ̀ ìdàgbàsókè ọmọdé ti rí láti ọdún 1951 wá. Èrò wa ni pé gbígbé ọmọ láti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn lè má ba ọmọ jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti so mọ́ dàwátì, kí ẹnikẹ́ni má dúró ní ipò rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣàlàyé fún un. Iṣẹ́ náà yẹ òwe Yorùbá lórí ìgbàtọ́ wò, ó sì béèrè ohun tí èyí túmọ̀ sí fún àwa tí a ń tọ́ ọmọ lókè òkun lónìí.

Kókó-ọ̀rọ̀: ìgbàtọ́, ìyapa, ìdàgbàsókè ọmọdé, fíìmù, orúkọ, èdè ìdílé

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Apá kejì òwe yìí ni a sábà máa ń tú palẹ̀: àgbà ń wo ohun tó gbé e ṣubú kí ó lè fi kọ́gbọ́n. A kì í dúró pẹ́ lórí apá àkọ́kọ́. Kí ni ọmọ ń wá níwájú? Ẹni tí yóò gbé e dìde ni. Ọmọ tó ṣubú a kọ́kọ́ gbé ojú sókè, a wá ojú ẹnì kan tí ó mọ̀, kí ó tó mọ̀ bóyá kí òun ké tàbí kí òun dìde. Bí kò bá wá rí ojú náà ńkọ́?

Fíìmù méjì tí ó dé ilé sinimá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra, ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 2019, gbé ìbéèrè yìí síwájú wa. Àwọn olùdarí méjèèjì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí ó dàgbà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọkùnrin tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tí aláwọ̀ funfun gbà tọ́, ni ẹ̀dá ìtàn pàtàkì nínú fíìmù kọ̀ọ̀kan. Ó rọrùn nígbà náà láti pè wọ́n ní ìbejì. Èrò tèmi ni pé wọ́n dojú kọ ara wọn ni: ọ̀kan sọ ìtàn ọmọ tí kò rí ẹni so mọ́, èkejì sọ ìtàn ọmọ tí ó rí ẹni so mọ́ tí a sì já a gbà. Ẹni tó bá wo ọ̀kan láìwo èkejì lè fi ẹ̀bi sí ibi tí kò yẹ.

Ìgbàtọ́ nílé àti ìgbàtọ́ lókè òkun

Ìgbàtọ́ kò ṣàjèjì sí Yorùbá. Ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú lè lọ gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Èyí tó ti dàgbà díẹ̀ lè lọ kọ́ṣẹ́ tàbí kàwé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá. Ojú mẹ́rin ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n ipò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ará Nàìjíríà àti Gánà bá ara wọn ní Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì yàtọ̀ pátápátá. Ọkọ ń kàwé, ìyàwó ń kàwé, àwọn méjèèjì sì ń ṣiṣẹ́ kí owó ilé-ẹ̀kọ́ lè pé. Yàrá kan ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, àwọn onílé mìíràn kò sì fẹ́ fi ojú kan ọmọdé. Kò sí ìyá àgbà ní ìdí ààrò. Ni wọ́n bá ń polówó nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ, owó ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun ní Essex, Kent, Sussex àti ibòmíràn dáhùn. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún àṣà yìí ni farming, bí ìgbà tí ènìyàn fa oko rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ó bá a ro ó.

Àdéhùn àárín ẹni méjì ni èyí, ojú ìjọba kò sì tó o dáadáa. Òfin ọmọdé ti ọdún 1958 ní kí alágbàtọ́ fi tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Robert Holman gbé ìwé rẹ̀, Trading in Children, jáde lọ́dún 1973 lórí irú ìgbàtọ́ yìí, àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pọ̀ jọjọ nínú àwọn tí ó kàn. Buchi Emecheta, ọmọ Ìgbò tí a bí ní Èkó, ti fi ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Second-Class Citizen, lọ́dún 1974. Adah, ẹ̀dá ìtàn rẹ̀, kò fẹ́ gbé ọmọ rẹ̀ fún alágbàtọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe, síbẹ̀ olùtọ́jú ọ̀sán tí ó wá fún wọn kò ṣe é fọkàn tán. Emecheta jẹ́ kí a rí i pé ẹni tó kọ ọ̀nà kan kò ní ọ̀nà mìíràn tó dán mọ́rán.

Esther Goody, onímọ̀ àṣà ẹ̀dá tí ó ti kọ́kọ́ ṣe ìwádìí láàrin àwọn Gonja ní àríwá Gánà, wádìí àwọn òbí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Lọ́ńdọ̀nù bákan náà. Nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1982, Parenthood and Social Reproduction, ó pín iṣẹ́ òbí sí márùn-ún: bíbí ọmọ, fífún un ní ipò nínú ẹbí àti láwùjọ, títọ́jú rẹ̀, kíkọ́ ọ, àti ṣíṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń wọ agbo àgbà. Lójú òbí láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, a lè fa ọ̀kan tàbí méjì nínú márùn-ún yìí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ kí ìyókù má sì yẹ̀. Lójú alágbàtọ́ Gẹ̀ẹ́sì, odindi ni wọ́n: ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ni ìyá ọmọ. Apá méjèèjì ṣe àdéhùn kan náà, ohun tí wọ́n gbọ́ nínú rẹ̀ kò sì dọ́gba. Inú àìgbọ́ra-ẹni-yé yìí ni ọmọ dàgbà sí.

Ohun mìíràn tún yí padà tí òwe igba ojú kò mẹ́nu bà, ìyẹn ọjọ́ orí. Ọmọ tó ti ń sọ̀rọ̀, tó lè jẹ́ iṣẹ́, tó lè béèrè pé níbo ni ìyá òun wà, ni a sábà máa ń gbé fún ẹbí nílé. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè jẹ́ ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ohun tí àwọn onímọ̀ rí

Lọ́dún 1951, John Bowlby kọ ìjábọ̀ kan fún Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó pè ní Maternal Care and Mental Health. Kókó rẹ̀ ni pé ọmọ kékeré nílò ìfẹ́ tí kò já láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, tàbí láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó dúró gbọn-in ní ipò ìyá. Lọ́dún 1952, James Robertson, tí òun àti Bowlby jọ ń ṣiṣẹ́, gbé fíìmù A Two-Year-Old Goes to Hospital jáde, nípa ọmọbìnrin kan tí ó lo ọjọ́ 8 ní ilé-ìwòsàn. Robertson rí ìpele mẹ́ta. Ọmọ a kọ́kọ́ fi ẹkún kọ̀. Lẹ́yìn náà, a sọ ìrètí nù. Níkẹyìn, a fa ọkàn rẹ̀ sẹ́yìn, débi pé bí ìyá bá padà dé, ó lè máa wò ó bí àlejò. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé àwọn àgbà a máa ka ìdákẹ́ ìkẹyìn yìí sí ìfarabalẹ̀. Wọ́n á ní ara ọmọ náà ti mọlé.

Ìṣẹ́ tí James àti ìyàwó rẹ̀, Joyce, ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló wúlò jù fún wa. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ya fíìmù àwọn ọmọ tí ìyá wọn lọ bímọ sí ilé-ìwòsàn. John, ọmọ oṣù 17, lo ọjọ́ 9 ní ilé ìtọ́jú ọmọdé. Àwọn olùtọ́jú ń pààrọ̀ ara wọn. Bí ó bá ti fẹ́ fi ọ̀kan ṣe tirẹ̀, ẹni náà a ti lọ. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọmọ náà ti rẹ̀wẹ̀sì pátápátá. Kate, ọmọ ọdún 2 àti oṣù 5, lo ọjọ́ 27 nílé àwọn Robertson fúnra wọn. Ó ti mọ ilé náà kí ìyá rẹ̀ tó lọ. Joyce nìkan ló dúró tì í bí ìyá, wọ́n sì ń dárúkọ ìyá rẹ̀ fún un kí ó má bàa pòórá lọ́kàn rẹ̀. Inú Kate bàjẹ́ nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kò fọ́. Ìyapa tirẹ̀ gùn ní ìlọ́po mẹ́ta ti John.

Ẹ̀kọ́ yìí kò kọjá ohun tí a ti rí ní ilẹ̀ Áfíríkà. Mary Ainsworth, tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ti Bowlby, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ ní Uganda, láàrin ìdílé 26 nítòsí Kampala, ní ọdún 1954 àti 1955. Ìwé rẹ̀ ti ọdún 1967 fi hàn pé níní ju olùtọ́jú kan lọ kò dí ọmọ lọ́wọ́ láti so mọ́ ìyá rẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 2000, ní Bucharest ní ilẹ̀ Ròmáníà, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah tẹ̀lé ọmọ 136 tí wọ́n wà ní ilé ìtọ́jú ìjọba. Wọ́n gbé ìdajì wọn fún alágbàtọ́. Àwọn tó dé ọwọ́ alágbàtọ́ kí wọ́n tó pé nǹkan bí ọmọ ọdún méjì ni ọkàn wọn tún rí ẹni so mọ́ dáadáa jù. Igba ojú kò burú, bí ọmọ bá ti mọ èyí tí í ṣe tirẹ̀ nínú igba náà, tí kò sì pẹ́ jù kí ó tó rí i.

Farming: ọmọ tí kò rí ojú kankan

Ìtàn ayé Akinnuoye-Agbaje fúnra rẹ̀ ni Farming. A bí i ní Islington ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1967. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ gbé e fún ìdílé kan ní Tilbury, Essex, níbi tí ọmọ Áfíríkà bíi mẹ́wàá ti ń gbé papọ̀ nígbà mìíràn. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà. Kò gbọ́ Yorùbá, ara rẹ̀ kò gbà á, wọ́n sì dá a padà sí Tilbury. Nígbà tó di ọ̀dọ́, ó wọ ẹgbẹ́ àwọn skinhead, ìyẹn àwọn ọmọ ìta aláwọ̀ funfun afárí-kodoro tí wọ́n kórìíra irú àwọ̀ tirẹ̀ gan-an. Nínú fíìmù náà, Damson Idris ṣe Ẹnìtàn, Kate Beckinsale ṣe Ingrid alágbàtọ́, Genevieve Nnaji ṣe ìyá rẹ̀. Olùdarí fúnra rẹ̀ ló ṣe bàbá.

Ìgboyà fíìmù yìí kò ṣe é fojú tẹ́ńbẹ́lú. Kò sọ Ingrid di àjẹ́. Owó ló mú un gba ọmọ, ìkanra rẹ̀ pọ̀, síbẹ̀ ìfẹ́ kò ṣófo lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ìṣòro rẹ̀ ni ti John nínú fíìmù Robertson: ọwọ́ kan kò lè gbé ọmọ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mọ̀ pé òun ni wọ́n ń wò. Àwọn ìran tí Ẹnìtàn kékeré ti ń dákẹ́, tó ń kó sínú ara rẹ̀, ni mo kà sí ọkàn fíìmù náà. Ọmọ tó ti kọ́ láti má béèrè ni.

Àbùkù rẹ̀ ni pé kò fún ìdákẹ́ yẹn ní àkókò tó. Kò pẹ́ tí ó fi fo ìgbà èwe kọjá sí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ìlù àti ẹ̀jẹ̀ àwọn skinhead sì gba ọ̀pọ̀ nínú ìyókù rẹ̀. A rí èso, a kò rí gbòǹgbò tó. Ẹni tí kò bá mọ ohun tí ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ń ṣe fún ọmọ lè rò pé ìkórìíra àwọ̀ nìkan ló gbé Ẹnìtàn dé ibẹ̀. Ìkórìíra náà jẹ́ òótọ́, ó sì burú. Ṣùgbọ́n ìdí tí ọmọ fi lè fara mọ́ ẹni tó ń lù ú ju ilẹ̀ ìkórìíra lọ: ọmọ tí kò rí ẹni tirẹ̀ rí a máa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá ti lè pè é, bí ìpè náà tilẹ̀ jẹ́ èébú.

Ohun kejì ni ìdákẹ́ àwọn òbí. Ọmọ tí a gbé fúnni wọ ẹ̀wù ẹni tó gbé e fúnni, nítorí olùdarí ló ṣe bàbá ara rẹ̀. Ǹjẹ́ àǹfààní tó ju èyí lọ wà láti béèrè ìdí? Síbẹ̀ ìwé-eré kò fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí bàbá náà lẹ́nu. A kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣírò owó, bí wọ́n ṣe sùn ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀, tàbí ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń ṣe fún un.

The Last Tree: ọmọ tí a já gbà

Níbi tí Farming ti ń pariwo, The Last Tree ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Fẹ́mi ń gbé ní ìgbèríko Lincolnshire lọ́dọ̀ Mary, obìnrin aláwọ̀ funfun tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìran ìbẹ̀rẹ̀ fi í hàn níbi tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti ń sáré nínú pápá, tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn bò wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Yínká, ìyá tó bí i, tí Gbemisola Ikumelo ṣe, wá mú un lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ilé gíga, yàrá kótópó, oúnjẹ tí kò mọ̀, àti ìyá tí iṣẹ́ kì í jẹ́ kó gbélé.

Nínú ìṣirò àwọn àgbà, wọ́n dá ọmọ padà sílé ni. Nínú ìṣirò ọmọ, wọ́n gbé e kúrò nílé ni. Ọgbọ́n Amoo ni pé ó jẹ́ kí ìṣirò méjèèjì dúró. Yínká nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó wá gbà. Ṣùgbọ́n ó retí ìgbọràn lọ́wọ́ ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n, ó sì ka ìbànújẹ́ rẹ̀ sí àìlẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tó gbá a létí, olùwòran tó jẹ́ Yorùbá lè sọ pé ìyá ló ń tọ́ ọmọ. Fẹ́mi kò tíì ní ohun tí yóò fi túmọ̀ ìgbátí sí ìtọ́ni, nítorí ìfẹ́ ló ń ṣáájú ìbáwí nínú ọkàn ọmọ, àwọn méjèèjì kò sì tíì ní ìyẹn láàrin ara wọn.

Nígbà tí Fẹ́mi dàgbà, tí Sam Adewunmi ń ṣe é, ó padà lọ wo Mary, ó sì bá ìyá rẹ̀ lọ sí Èkó níkẹyìn. Èkó kò wo ọgbẹ́ náà sàn bí idán: bàbá tí ó bá níbẹ̀ ti ní ayé tirẹ̀. Ohun tó yí padà ni pé ìyá àti ọmọ jọ rí ìdójútì náà, àwọn méjèèjì sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ ara wọn. Níbi tí Farming ti fi ìwé kíkà ṣe ọ̀nà àbáyọ, The Last Tree fi ọ̀rọ̀ tó yẹ kó ti wáyé láti ìgbà èwe ṣe é. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé òun ló jinlẹ̀ jù.

Orúkọ tí ó ń dúró de etí

Ẹni tó gbọ́ Yorùbá ń wo fíìmù kẹta láàrin méjèèjì. Ẹnìtàn túmọ̀ sí ẹni tó ní ìtàn, ọmọ tó ń jẹ́ ẹ sì ni kò sí ẹni tó sọ ìtàn rẹ̀ fún. Olúfẹ́mi túmọ̀ sí pé Olú fẹ́ràn mi. Ní kíláàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rín ni wọ́n fi orúkọ náà rín. Ó tún ṣẹlẹ̀ pé Fẹ́mi ni orúkọ bàbá nínú Farming, ó sì jẹ́ orúkọ ọmọ nínú The Last Tree. Orúkọ ìfẹ́ kan náà ń jẹ́ ẹni tó gbé ọmọ fúnni àti ọmọ tí a gbé fúnni.

Joyce Robertson ń dárúkọ ìyá Kate fún un kí ìyá náà má bàa parẹ́. Yorùbá ti ní irinṣẹ́ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Oríkì jẹ́ ọ̀nà tí a fi ń mú ẹni tí kò sí níbẹ̀ wá sí etí ọmọ: bàbá tó wà lóko, ìyá tó wà lájò, baba ńlá tó ti kú. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lóye rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn tó ń kì í. Ohun tí àṣà Nursery World gé kúrò nìyí. Àwọn òbí mọ̀ pé wọ́n ṣì di ìpín méjì tàbí mẹ́ta mú nínú ìpín márùn-ún Goody, àgàgà ti orúkọ. Ọmọ ni kò mọ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń pe orúkọ náà bó ti yẹ kí ó dún.

Igba ojú ní Aurora

Ó lè dà bí ẹni pé ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni gbogbo èyí. Ní Aurora, tí mo ń gbé, ní nǹkan bí kìlómítà 65 sí ìwọ̀-oòrùn Chicago, ìbéèrè náà ṣì wà nílé. Ìyá tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ń ṣiṣẹ́ òru, bàbá ń ṣiṣẹ́ ọ̀sán, owó ilé ìtọ́jú ọmọ sì ń jẹ owó oṣù. Àwọn kan gbé ọmọ ránṣẹ́ sí ìyá àgbà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta títí yóò fi tó ọjọ́ orí ilé-ìwé. Àwọn mìíràn pe ìyá àgbà wá. Yóò wẹ ọmọ, yóò pọ̀n ọ́n, yóò kì í, yóò sùn tì í fún oṣù mẹ́fà tí wọ́n sábà máa ń gba àlejò láàyè láti lò, lẹ́yìn náà yóò wọ ọkọ̀ òfurufú padà.

Ti àkọ́kọ́ la máa ń pè ní ìyapa. A kì í ka ti èkejì sí i, nítorí pé ọmọ kò kúrò nílé àwọn òbí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì ọdún àkọ́kọ́ ni ọkàn ọmọ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ẹnì kan gírígírí, ìgbà náà gan-an sì ni ẹ̀yìn tó ń pọ̀n ọ́n lè dàwátì. Bákan náà, ọmọ ọdún mẹ́rin tó padà dé láti Abẹ́òkúta ni Fẹ́mi. Àwọn òbí ń yọ̀ ní pápákọ̀ òfurufú, ọmọ sì ń ṣọ̀fọ̀ ìyá àgbà. Bí ó bá kọ oúnjẹ, tí kò dáhùn, kí a má ṣe yára pè é ní aláìgbọràn.

Èmi kò kọ èyí láti dá òbí kankan lẹ́bi. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin Kate àti John kò ná owó púpọ̀. Kí ẹni tí yóò gba ọmọ àti ẹni tí yóò fi í sílẹ̀ jọ gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Kí ó jẹ́ ẹnì kan pàtó ni yóò gbà á. Kí aṣọ tó ń bò ó bá a lọ. Kí ohùn ẹni tó lọ má dáwọ́ dúró lórí fóònù, kí á sì máa dárúkọ rẹ̀ láàrin ìpè kan sí èkejì. Kí á múra sílẹ̀ fún ìpadàbọ̀ bí a ti múra fún ìlọ.

Ìgúnlẹ̀

Fíìmù méjèèjì fi ojú ọmọ wo ìyapa, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣẹ́kù ni ẹ̀rí àwọn tó gbé ọmọ fúnni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó polówó ní ọdún 1965 ti di arúgbó báyìí, ní Èkó, ní Ìjẹ̀bú, ní Peckham. Ọ̀pọ̀ wọn kò sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ wọn rí, bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ ọ́, Yorùbá ni yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àwa tí a ní èdè náà, tí a sì mọ ọ̀nà ìwádìí, ló kàn láti lọ jókòó tì wọ́n kí a gba ohùn wọn sílẹ̀. Àwọn ọmọ tó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí ṣì ń retí àlàyé náà.